Ohùn Ọkọ́ Láàárín Kùrukùru

Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Òkè-Ìtabà, ní ìsàlẹ̀ òkè mẹ́ta tó kọjú síra wọn, alágbẹ̀dẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ògúnrántí. Ọkùnrin náà kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ yi bí ọmọ odó. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé àgbẹ̀dẹ tó ń lò, nítòsí igi odán kan. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló ń fín ẹwìrì tó ń fẹ́ iná fún un, òun ló sì ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, nítorí pé Ògúnrántí kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Kí ìtàn yìí tó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa ohùn tó máa ń ti ilé àgbẹ̀dẹ jáde. Ẹni tí kò gbé nítòsí alágbẹ̀dẹ rí lè rò pé ariwo kan náà ni gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí irin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde, tó pọ́n bí ẹyìn, tí wọ́n gbé e lé owú, ìyẹn irin ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń lu iṣẹ́ lé lórí, ohùn rẹ̀ a máa rọ̀: gbì, gbì, bí ìgbà tí ènìyàn ń lu amọ̀. Bó ti ń tutù ni ohùn náà ń le: kan, kan, kan. Bó bá wá di ohun èlò tán, tó tutù, tó sì pé, ẹ fi ọmọ owú, ìyẹn òòlù alágbẹ̀dẹ, kàn án díẹ̀, yóò dún gaan, ohùn rẹ̀ yóò sì fà lọ bí okùn. Ṣùgbọ́n bí ibì kan bá sán lára rẹ̀, ohùn náà kò ní fà rárá. Yóò kàn ṣe pàkà, yóò sì kú síbẹ̀.

Àwọn ará Òkè-Ìtabà mọ gbogbo èyí bí ọmọ ilé ìwé ṣe mọ agogo ìwọlé yàtọ̀ sí agogo ìjáde. Bí Ògúnrántí bá fi ọmọ owú kan owú lẹ́ẹ̀mejì, Àwẹ̀ró mọ̀ pé kí òun tún fín iná ni. Bó bá kan ohun èlò fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó ń dá a dúró láàárín, a jẹ́ pé iṣẹ́ kan ti parí, kí olóhun wá gba ohun rẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà lóko yóò nàró, yóò béèrè pé ti ta ni ó parí yẹn, ẹnìkejì rẹ̀ yóò sì dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ebè pé àdá ni, kì í ṣe ọkọ́, ṣé kò gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti tínrín ni. Wọ́n a sì máa jiyàn lé e lórí títí wọn yóò fi dé ilé lọ wò ó.

Ohun kan tún wà tí gbogbo wọn mọ̀. Alágbẹ̀dẹ kì í lu irin lójú kan. Yóò lu orí, yóò lu ìdí, yóò yí i padà, yóò tún dá a sínú iná. Irin tútù tí wọ́n bá ń lù lójú kan ṣoṣo yóò fẹ́lẹ́ níbẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi sán. Nítorí náà, bí ohùn bá dúró sójú kan ju bó ti yẹ lọ, a jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ ti fẹ́ ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí i.

Gbogbo ìlú ló fẹ́ràn ohùn ilé àgbẹ̀dẹ yìí, àfi ẹnì kan. Ọyádòkun ni orúkọ ẹni náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́kọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé rẹ̀ àti ilé àgbẹ̀dẹ. Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ wo irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Àkùkọ kì í bá a lórí ẹní. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ro ẹ̀kọ, ó ti pọ́n ọn sínú ewé gbòdògì, ó sì ti gbé e kalẹ̀ fún àwọn tó ń lọ sóko. Bí ẹ̀kọ bá tán, yóò gbé apẹ̀rẹ̀, yóò wọ igbó lọ já ewé tí yóò lò lọ́jọ́ kejì. Bó bá fi máa dé, ara rẹ̀ ti wó, kò sì sí ohun mìíràn tó ń fẹ́ lágbàáyé ju oorun ọ̀sán lọ. Àsìkò náà gan-an ni irin yóò máa dún létí rẹ̀.

Ó farada á fún ọdún púpọ̀. Nígbà tó sú u, ó lọ bá Baálẹ̀. Ó ní òun kò sọ pé kí Ògúnrántí má jẹun, ṣùgbọ́n kí Baálẹ̀ bá òun bi í bóyá orí òun ló sọ di owú. Baálẹ̀ pe àwọn méjèèjì, ó gbọ́ tẹnu wọn, ó sì dájọ́ pé bí oòrùn bá ti kan àtàrí, kí ọmọ owú dákẹ́ títí òjìji ilé àgbẹ̀dẹ yóò fi dé ìdí igi odán. Ọjọ́ tí Ògúnrántí bá rú òfin náà, ilé àgbẹ̀dẹ yóò kúrò láàárín ìlú, yóò bọ́ sẹ́yìn òkè. Ògúnrántí dọ̀bálẹ̀, ó gbà. Ó dùn ún, nítorí pé ẹ̀yìn òkè kò ní omi, kò sì sí oníbàárà tí yóò gbé irin gun ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, Ògúnrántí yóò kan owú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbọ̀ìn, láti fi sọ fún Ìyá Ẹlẹ́kọ pé ọmọ owú ti lọ sùn. Ìyá Ẹlẹ́kọ kì í dúpẹ́. Yóò kàn pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, yóò sì ju igi ìdábùú sẹ́yìn rẹ̀, gbà! Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Àwẹ̀ró a máa rẹ́rìn-ín nídìí ẹwìrì, a ní, "Olówó orí mi, Ìyá ti kí yín."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ, gbọ̀ìn níhìn-ín, gbà lọ́hùn-ún, títí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kan fi rọ̀.

Òjò náà pẹ́ kó tó dé. Ilẹ̀ ti gbẹ débi pé ó ń lanu. Nígbà tó wá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo àgbẹ̀ ìlú ló mọ̀ pé kò sí àkókò láti fi ṣòfò mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Láníhùn, ẹni tí oko rẹ̀ tóbi jù, tí ẹnu rẹ̀ sì tóbi tó oko rẹ̀. Ó ti gbé irin fún Ògúnrántí pé kó fi rọ ọkọ́ tí yóò fẹ̀ ju ti gbogbo ènìyàn lọ, ó sì ti ń fi ọkọ́ náà yangàn kí wọ́n tó rọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò, Ògúnrántí parí rẹ̀, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì gbé e kọ́ ara ògiri kí olóhun wá mú un.

Ṣùgbọ́n Láníhùn kò tíì lè wá mú un, nítorí pé kò sẹ́ni tó rí iwájú ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kùrukùru ti bolẹ̀. Àwọn ará ìlú náà mọ kùrukùru dáadáa, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lẹ́yìn òjò, bí oòrùn bá sì ti ràn díẹ̀, yóò ká. Èyí kọ̀, kò ká. Títí di ìyálẹ̀ta, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kò rí igi odán. Àwọn àgbẹ̀ jókòó sílé, wọ́n ń kùn.

Nígbà tí Ògúnrántí fojú bù ú pé ọ̀sán ti tó, ó kan owú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì fi ọmọ owú sílẹ̀. Ó ń nu òógùn. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Àwẹ̀ró," ló wí, "ṣé o gbọ́ ilẹ̀kùn?"

Àwẹ̀ró tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní bóyá Ìyá ń bínú ni. Ògúnrántí ní Ìyá kì í bínú kó má ti ilẹ̀kùn, ìgbà tó bá ń bínú gan-an ló máa ń tì í jù. Ni Àwẹ̀ró bá tọ ògiri lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Apẹ̀rẹ̀ ewé kò sí níbi tí wọ́n ń gbé e kọ́. Bó ti fẹ́ padà ló pàdé Àyọ̀ká, ọmọbìnrin Ìyá Ẹlẹ́kọ tí wọ́n ti gbé níyàwó sí ìsàlẹ̀ ìlú. Aṣọ rẹ̀ tutù, ohùn rẹ̀ sì ti há.

Àyọ̀ká ní ìyá òun ti lọ já ewé láti òwúrọ̀. Òun sọ fún un pé kó má lọ, ìyá ní ṣé kùrukùru ni òun máa fi pọ́n ẹ̀kọ lọ́la ni. Etí ọ̀gbun ni ewé gbòdògì ti ń hù, ibi tí ilẹ̀ ti tutù, ọ̀gbun náà sì jìn débi pé bí a bá ju òkò sí i, a ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀fà, ká tó gbọ́ ọ.

"Mo ti dúró létí igbó, mo ń ké," ni Àyọ̀ká wí. "Òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dá mi lóhùn. Mo sá lọ síbì kan, mo tún ké, ó tún ti ibòmíràn dáhùn. Ẹ gbà mí, èmi gan-an kò mọ ibi tí ohùn mi ti ń wá mọ́."

Ògúnrántí bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó wo kùrukùru. Lẹ́yìn náà ló ní kí Àyọ̀ká má ké mọ́. Ó ní kí òun àti Àwẹ̀ró padà sí etí igbó, kí wọ́n dúró lójú kan, kí wọ́n sì máa gbọ́. Ó ní ohùn ènìyàn a máa rìn, ṣùgbọ́n ilé àgbẹ̀dẹ kì í rìn. Bí Ìyá kò bá tilẹ̀ mọ ibi tí ìlà oòrùn wà lónìí, ó mọ ibi tí ariwo tí kò jẹ́ kó sùn ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká ro èrò alágbẹ̀dẹ yìí pọ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ bó ti máa ń ṣe é, ohùn irin yóò máa yí padà, yóò le, yóò rọ̀, yóò sì máa dákẹ́ nígbà tí irin bá wà nínú iná. Òkè yóò sì máa dá gbogbo rẹ̀ padà, kò ní sí ẹni tó lè mọ èyí tó kọ́kọ́ dún nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ohùn kan ṣoṣo bá ń dún láìyí padà, tí kò dákẹ́, etí yóò fara balẹ̀ mọ orísun rẹ̀. Kò sì lè jẹ́ orí owú lásán ni yóò lù, nítorí pé a rì í mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í rìn jìnnà. Irin tútù tó fẹ̀ tó sì pé ló lè dún dé inú igbó. Ọ̀kan ṣoṣo irú rẹ̀ ló wà nínú ilé àgbẹ̀dẹ lọ́jọ́ náà.

Ògúnrántí wo ọkọ́ Láníhùn lára ògiri. Ó wo ìta, níbi tí kò sí òjìji kankan tó lè dé ìdí igi odán. Ó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe àti ohun tí yóò ná òun. Ó gbé ọkọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹ̀mú dì í mú lórí owú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú ní ọrùn. Gaan. Gaan. Gaan.

Ní gbogbo ilé ni àwọn ènìyàn ti gbé orí sókè. Ẹ rántí pé etí wọn mọ irin. Wọ́n gbọ́ pé ọkọ́ ni. Wọ́n gbọ́ pé ó ti tutù. Wọ́n gbọ́ pé ojú kan ló ń lù. Wọ́n sì mọ̀ pé àsìkò tí Baálẹ̀ ní kó dákẹ́ nìyí. Kí ni wọ́n rí fà yọ nínú gbogbo ìmọ̀ wọn? Wọ́n ní Ògúnrántí ti gbẹ̀san. Wọ́n ní ó ti ń ṣọ́ ọjọ́ tí kò ní sí òjìji, kó lè rí àwáwí, kó sì fi irin dààmú arúgbó obìnrin tó ń sùn lẹ́yìn ògiri. Àwọn kan tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé Ìyá Ẹlẹ́kọ ti pàdé ẹni tó jù ú lọ.

Láníhùn kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohùn ọkọ́ rẹ̀ bí ẹni mọ igbe ọmọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tá ògiri dé ilé àgbẹ̀dẹ, àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e, Kúyẹ̀ ìránṣẹ́ Baálẹ̀ sì dé lẹ́yìn wọn.

Kúyẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ògúnrántí, Baálẹ̀ ní kí n bi ọ́ bóyá òjìji ti dé ìdí odán."

"Kò sí òjìji lónìí, Kúyẹ̀. Oòrùn tí yóò mú un jáde kò jí." Kò dáwọ́ dúró.

Láníhùn bọ́ síwájú. "Ọkọ́ mi lò ń lù ní tútù yẹn? Lójú kan? Ṣé èékánná ni o fẹ́ kí n fi kọ ebè lọ́la ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ìyá Ẹlẹ́kọ wà nínú igbó, kò mọ ọ̀nà ilé."

"Èwo ni tèmi níbẹ̀? Ṣé inú ọkọ́ mi ni o ti fẹ́ fà á yọ?"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ògúnrántí lu irin náà lẹ́ẹ̀mejì sí i kó tó dáhùn, láìgbé ojú sókè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ wà níbẹ̀."

Ó jọ ọ̀rọ̀ asínwín létí wọn. Kúyẹ̀ ní irọ́ ni, obìnrin tó ń sùn ni ó fẹ́ sọ pé ó sọnù. Ó na ọwọ́, ó di igi ọmọ owú mú. Ilé àgbẹ̀dẹ dákẹ́. Ìlú dákẹ́. Kùrukùru wà lẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ tí wọ́n ta, wọ́n sì ń wo ara wọn.

Wọn kò tíì wo ara wọn pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀. Àyọ̀ká ni. Ó wọlé, ó sì wó lulẹ̀ sórí eékún láàárín wọn.

"Ta ló ní kó dákẹ́? Ẹ dákun, ta ló ní kó dákẹ́? A ti ń gbọ́ ohùn ìyá mi. Ó ń sún mọ́ wa. Bí irin ti dákẹ́, òun náà dákẹ́."

Kúyẹ̀ jọ̀wọ́ igi ọmọ owú bí ẹni pé ó jó o lọ́wọ́. Ògúnrántí gbé e sókè, ó lu ọkọ́ lójú ibi tó ti ń lù.

Pàkà.

Kò sí ẹni tí a ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún. Ọkọ́ tó fẹ̀ jù ní Òkè-Ìtabà ti sán láti ọrùn dé àárín. Ògúnrántí tún lù ú, bí ẹni tí kò gba etí rẹ̀ gbọ́. Pàkà. Ó fi ẹ̀mú sílẹ̀. Àyọ̀ká fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Láníhùn wo ọkọ́ rẹ̀ tó sán. Ọ̀la ló yẹ kó fi wọ oko. Ó yí padà, ó jáde, gbogbo wọn sì rò pé ẹjọ́ ló gbà lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ kó tó padà. Ọkọ́ àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu igi, etí rẹ̀ ti jẹ tán, ọrùn rẹ̀ sì nípọn.

"Èyí ni bàbá mi fi la oko kí wọ́n tó bí mi," ló wí. "N kì í yá ẹnikẹ́ni. Lù ú."

Ògúnrántí wò ó. "Ojú kan náà ni n ó lù o, ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní kó o lù ú. Ṣebí o ní ohun tí o fẹ́ fà yọ níbẹ̀?"

Goon. Goon. Goon. Ohùn ọkọ́ bàbá Láníhùn wúwo ju ti tuntun lọ, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Àyọ̀ká sáré padà sí etí igbó. Àwọn tó kù tú ká, wọn kò sì lọ sílé sùn. Wọ́n ń padà bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ́ lọ́wọ́, ọkọ́ tí wọn yóò fi dáko lọ́la, wọ́n tò lẹ́nu ọ̀nà ilé àgbẹ̀dẹ bí àwọn tó ń dúró de ìpín. Nígbà tí ti bàbá Láníhùn sán, ẹnì kan ti na tirẹ̀ síwájú. Nígbà tó rẹ Ògúnrántí, Kúyẹ̀ gba ọmọ owú. Ògúnrántí fi ìka hàn án pé, "Ibí. Má kúrò ńbí." Kúyẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Ọkọ́ kẹta ti sán, wọ́n ti gbé ìkẹrin lé owú, nígbà tí ẹni mẹ́ta yọ láti inú kùrukùru. Àwẹ̀ró wà lápá ọ̀tún, Àyọ̀ká wà lápá òsì, Ìyá Ẹlẹ́kọ wà láàárín. Ẹ̀gún ti ya á lẹ́sẹ̀, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ewé wà lórí rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Àwọn ènìyàn là sọ́tùn-ún, wọ́n là sósì. Ògúnrántí, tó ti gba ọmọ owú rẹ̀ padà, kò rí i. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń lu irin.

"Ògúnrántí," ni Ìyá Ẹlẹ́kọ wí, "ọ̀sán ti pọ́n. Ṣé n kò ní sùn lónìí ni?"

Ọmọ owú dúró lókè. Ẹ̀rín gba ilé àgbẹ̀dẹ, Ìyá Ẹlẹ́kọ náà sì ń bá wọn rín in títí ẹ̀rín fi di omijé lójú rẹ̀. Wọ́n fún un ní àpótí, ó jókòó, ó sì sọ bó ti rí. Ó ní òun ti ń rìn láti òwúrọ̀, òun sì rò pé ilé lòun ń lọ. Òun gbọ́ ohùn Àyọ̀ká láti iwájú, láti ẹ̀yìn, láti òkè, òun sì ń tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá ni òun gbọ́ irin. Inú bí òun. Òun ní, ọmọ yìí mà ti rú òfin Baálẹ̀. Bí inú ti ń bí òun ni òun rántí pé ilé òun ló wà lẹ́yìn ariwo yẹn. Ẹ̀yìn òun ló sì ti ń dún. Òun na ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ òun síwájú kí òun tó yí padà. Ọ̀pá náà kò kan ilẹ̀.

"Ẹsẹ̀ kan ló kù," ló wí. Kò sì sọ nípa ọ̀gbun ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní nígbà tí irin dákẹ́, òun jókòó sórí ilẹ̀, òun kò mira. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń wá kò yí padà. Òun dìde, òun tẹ̀ lé e bí ẹni tẹ̀ lé okùn.

Lẹ́yìn èyí ló dìde, ó lọ sídìí owú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọrùn ọkọ́ tó wà níbẹ̀. "Ṣé ibí yìí ni?"

"Ibẹ̀ ni, Ìyá."

"Ilẹ̀kùn ni mo máa ń fi kí ọ láti ọjọ́ yìí wá," ni Ìyá Ẹlẹ́kọ wí. "Lónìí, ẹnu mi ni mo fi kí ọ. O ṣé, Ògúnrántí. Ìwọ náà, Láníhùn, o ṣé, Ọlọ́run yóò fi kún oko bàbá rẹ. Gbogbo yín lẹ ṣé."

Láníhùn lóṣòó sílẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa ewé tó já bọ́ láti inú apẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí kùrukùru ká lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ẹlẹ́kọ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Baálẹ̀. Ó ní òun wá gbé ẹjọ́ òun kúrò nílẹ̀. Baálẹ̀ ní òun ti gbé e kúrò kó tó dé. Àwọn àgbẹ̀ pa oko tiwọn tì lọ́jọ́ náà, wọ́n lọ bá Láníhùn kọ ebè, kó má bàa pẹ́ ju ẹlòmíràn lọ nítorí oore tó ṣe. Ògúnrántí tún ọkọ́ àwọn ènìyàn rọ, ti bàbá Láníhùn ló sì kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n Láníhùn kò jẹ́ kó tún ọkọ́ tuntun tó sán ṣe. Ó ní kó gbé e kọ́ ara ògiri níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ní ti ọ̀sán, kò sí òfin mọ́, síbẹ̀ Ògúnrántí kò jáwọ́. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, yóò kan owú lẹ́ẹ̀kan, gbọ̀ìn, yóò sì fi ọmọ owú lélẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ kì í ju igi ìdábùú mọ́. Yóò yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "O ṣé o," kó tó lọ sùn. Ẹ̀kọ àkọ́kọ́ tó bá pọ́n láàárọ̀, ti Àwẹ̀ró ni.

Ọdún ń gorí ọdún, ọkọ́ tó sán náà sì wà lára ògiri. Àlejò tó bá rí i yóò béèrè ìdí tí wọ́n fi fi irin tó dára bẹ́ẹ̀ ṣòfò, Láníhùn yóò sì jókòó, yóò sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó di àṣà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò, ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, tí àwọn ọmọ sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìyá wọn ti pọ̀ jù, Láníhùn kò bá wọn bínú. Ó dìde, ó lọ wá koríko tí yóò fi bo òrùlé náà, ó sì fún àwọn ọmọ náà lésì kan ṣoṣo. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, tí wọ́n sì ń pa á lówe títí di òní, pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.